Ìwé tí epo ta sí lára ló kọ́ mi níṣẹ́ láíbìrì

Ẹ jẹ́ n ti orí kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2014 tí wọ́n gbé mi wá sí ilé ìwé gírámà kan n'Ísẹ́yìn, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbà mí fún, àfi bí ọ̀gá àgbà wa ìgbà yẹn ṣe pè mí sí ọ́fíìsì lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n fa dúrọ́ọ̀, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ kan tí wọ́n fi okùn so mọ́ pákó pẹlẹbẹ, wọ́n ní "Anti, ẹ̀yin lẹ ó máa mójú tó láíbìrì o, ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n jí ìwé kankan níbẹ̀." Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ náà nìyẹn. Wọn ò ní kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ kàwé, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí wọ́n jí i. Èmi náà ò sì rí nǹkan tó burú nínú ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà, torí báyẹn náà ni láíbìrì ilé ìwé tí èmi fúnra mi lọ ṣe rí, títì ni wọ́n máa ń tì í pa, ojú fèrèsé la ti máa ń yọjú wo ìwé.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn yẹn, òórùn ìgbẹ́ àdán ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé pọ̀ níbẹ̀ o, lójú tèmi ó ju bí mo ṣe rò lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fa ìwé kan yọ ní ṣẹ́ẹ̀fù ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ̀yìn ìwé yẹn nìkan ló tẹ̀lé ọwọ́ mi wá, gbogbo inú ẹ̀ ti di yẹ̀pẹ̀. Mo fa òmíì, bákan náà. Ikán ti jẹ ẹ́ látinú wá, ó wá fi ẹ̀yìn ẹ̀ sílẹ̀, tí èèyàn bá dúró lókèèrè á rò pé ìwé ló tò rẹrẹ síbẹ̀. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé àwọn kan tí ikán ò tíì débẹ̀, mo ṣí wọn, pépà kékeré tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ iwájú ìwé láti máa kọ ọjọ́ tí ẹni tó bá yá a máa dá a padà, òfìfo ni, kò sí ọjọ́ kankan lórí ẹ̀. Ìwé tó ti wà níbẹ̀ bí ogún ọdún! Wọ́n ṣọ́ ọ títí, olè ò jí i, ọmọ ò kà á, ikán ló jẹ ẹ́. Mo ka àwọn tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, wọ́n lé ní 140. Mo tọ́jú ọ̀kan nínú wọn sínú ọ̀rá, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi dòní, mo máa sọ ìdí ẹ̀ tó bá yá.

Ọlidé táàmù kẹta ọdún yẹn, mi ò lọ síbì kankan, mo gbọn eruku, mo fọ́n oògùn ikán, mo sì to gbogbo ìwé tó kù ní ìlànà Dewey bí wọ́n ṣe kọ́ wa díẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, Melvil Dewey ará Amẹ́ríkà ló gbé ètò yẹn jáde ní 1876, ó pín gbogbo ìmọ̀ ayé sí ọ̀nà 10, láti 000 dé 900, 500 ni sáyẹ́ǹsì, 600 ni iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìṣègùn àti iṣẹ́ àgbẹ̀, 800 ni lítíréṣọ̀, 900 ni ìtàn àti jọ́gíráfì. Ètò tó dáa ni, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo dé orí lítíréṣọ̀ ni ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́: Gẹ̀ẹ́sì ní 820 tiẹ̀, Jámánì ní 830, Faransé ní 840, wọ́n wá kó Yorùbá, Ìgbò, Swahili, Zulu àti àìmọye èdè adúláwọ̀ míì há sínú 896 kan ṣoṣo, tiwa Yorùbá ní 896.333, ẹ wo bí nọ́mbà yẹn ṣe gùn. Bí mo ṣe tẹ̀lé nọ́mbà yẹn gẹ́lẹ́, igun tó ṣókùnkùn jù lọ ni ìwé Yorùbá bọ́ sí, nínú ilé ìwé tó jẹ́ pé Yorùbá ni gbogbo ọmọ ibẹ̀ ń sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo gbà fún Dewey nígbà yẹn. Mo tún wá kọ páálí ńlá kan, DÁKẸ́ JẸ́Ẹ́, mo kàn án mọ́ ògiri, mo ti parí iṣẹ́ lójú ara mi.

Kò sẹ́ni tó wá.

Àwọn tó wá, oríṣi méjì péré ni. Àwọn SS3 tí WAEC ti ń sún mọ́, tó jẹ́ past question nìkan ni wọ́n ń wá, wọ́n á gbà á, wọ́n á da nǹkan kọ, wọ́n á lọ. Ìkejì ni àwọn tí tíṣà fìyà jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyà. Ọmọ tó bá pẹ́ dé, ọmọ tó bá jà, wọ́n á ní kó lọ jókòó sí láíbìrì títí bíréèkì á fi parí, kó máa kàwé. Ó tó bí ọdún kan kí ọ̀rọ̀ yẹn tó yé mi: ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó jẹ́ pé ìgbà tó bá ṣẹ̀ nìkan ló ń rí ìwé, báwo ló ṣe máa fẹ́ràn ẹ̀? Mo lọ bá àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi pẹ̀lẹ́ bẹ̀ wọ́n, mo ní ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n máa gbálẹ̀, kí wọ́n máa ro oko, ẹ má fi ìwé jẹ wọ́n níyà mọ́. Àwọn kan gbà, àwọn kan bínú. Ó pẹ́ kó tó dúró, ṣùgbọ́n ó dúró.

Lọ́dún 2016 mo lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan n'Íbàdàn, ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀ wá dárúkọ ará Íńdíà kan, S. R. Ranganathan, ó ní tíṣà ìṣirò ni bàbá yẹn tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi jẹ olórí láíbìrì Yunifásítì Madras ní 1924, nígbà tó sì di 1931 ó kọ òfin márùn-ún sílẹ̀ fún iṣẹ́ láíbìrì. Òfin kìíní, ìwé wà fún lílò. Òfin kejì, òǹkàwé kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tiẹ̀. Òfin kẹta, ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní òǹkàwé tiẹ̀. Ó ní láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, ṣéènì ni wọ́n máa fi ń de ìwé mọ́ ṣẹ́ẹ̀fù kí wọ́n má bàa gbé e lọ. Àwọn yòókù ń kọ ọ́ sínú nóòtù, èmi jókòó síbẹ̀ mo ń ronú nípa kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú báàgì mi. Bí a ṣe délé báyìí mo ra nóòtù Higher Education ńlá kan, mo fi rúlà fa ìlà sí i, orúkọ, kíláàsì, ìwé, ọjọ́, mo sì sọ lórí àsẹ́ńbìlì pé láti ọjọ́ náà lọ ẹnikẹ́ni lè yá ìwé lọ sílé.

Àyà mi ń já o. Alaalẹ́ ni mò ń ka iye tó jáde.

Bí ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọbìnrin kan ní JSS3 dá ìwé ìtàn kan padà, kí n ṣí i báyìí, epo pupa! Epo wà lára ìwé yẹn látìbẹ̀rẹ̀. Inú bí mi, mo jágbe mọ́ ọn, mo ní ṣé ìwé ìjọba lo ń fi dín àkàrà ni? Ọmọ yẹn kúnlẹ̀, omi ti ń dà lójú ẹ̀, ó ní "Ẹ má bínú mà, ìdí iná ni mo ti ń kà á mà, màámi ò lè dúró ti àkàrà nìkan." Mo ní kó máa lọ. Mo jókòó pé kí n wá bí mo ṣe máa fi tíṣù nu epo yẹn kúrò, mo wá ń ṣí i ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Àmì ìka kan ṣoṣo ni, ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ibi tí èèyàn ń fi ìka mú láti ṣí i. Ó wà ní ojú ìwé kẹta, ó wà ní ìkarùn-ún, ó wà ní ìkeje, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ, kò fo ẹyọ kan títí tó fi dé ojú ìwé tó kẹ́yìn. Ọmọ yìí ń jí ní aago márùn-ún láti bá ìyá ẹ̀ dín àkàrà kó tó wá sí ilé ìwé, ó fi ọwọ́ kan mú ìgbákọ, ó fi ọwọ́ kan ṣí ìwé, kò sì fi ìdajì sílẹ̀. Nínú gbogbo ìwé tó wà ní láíbìrì yẹn, òun ni mo kọ́kọ́ rí ẹ̀rí lára ẹ̀ pé ẹnì kan kà á tán.

Mo ránṣẹ́ pè é lọ́jọ́ kejì, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má bínú sí mi. Ojú tì í, ó ń rẹ́rìn-ín sẹ́yìn ọwọ́. Mo ní kó mú méjì lọ́tẹ̀ yìí.

Látọjọ́ náà mi ò gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ mọ́ torí pé ìwé dọ̀tí. Ohun tí a ṣe ni pé a bẹ̀rẹ̀ sí í fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ bo ìwé, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, kàlẹ́ńdà olóṣèlú, ti ìsìnkú, èyí tó bá ṣáà ti nípọn, àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń bò ó, wọ́n á kọ orúkọ ìwé sẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú bírò gàdàgbà. Epo ò dé inú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọdún kìíní tí a fi ń yá wọn, ìwé 19 ni ò padà. Ọ̀gá àgbà ti yí padà nígbà yẹn, èyí tuntun pè mí, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé mò ń fi ìwé ilé ìwé ṣòfò. Mo ní sà, ẹ dákun, ẹ ṣe sùúrù fún mi díẹ̀, mo lọ gbé ìwé inú ọ̀rá yẹn wá, mo gbé e sórí tábìlì wọn, mo ní kí wọ́n ṣí i. Yẹ̀pẹ̀ dà sílẹ̀. Mo ní sà, 140 irú eléyìí ni a bá níbí nígbà tí a ń tilẹ̀kùn, 19 ló sọnù nígbà tí a ṣí i, ẹni tí 19 yẹn sì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ṣì máa kà á. Wọ́n wo yẹ̀pẹ̀ yẹn títí. Wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ ariwo náà ń kọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ọmọ ọdún mẹ́rìnlá gbé, ẹ mọ̀ pé kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n máà sọ̀rọ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, àwa àgbà la fẹ́ ẹ. Mo já páálí DÁKẸ́ JẸ́Ẹ́ kúrò, mo fi ṣẹ́ẹ̀fù méjì la láíbìrì sí méjì, inú lọ́hùn-ún fún ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ìta níbí fún ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo gbé ọpọ́n ayò kan wá látilé, ihò 12, ọmọ ayò 48, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Tíṣà kan bi mí pé ṣé ìdí ayò ni mo wá sọ ibẹ̀ dà ni. Mo gbà kó sọ ọ́, torí mo ti rí nǹkan tí òun ò rí: èèyàn méjì ló ń ta ayò, àwọn mẹ́fà ló ń dúró de ipò wọn, ọmọ tó bá sì ń dúró, ọwọ́ ẹ̀ ò lè wà lófìfo, á na ọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀fù tó sún mọ́ ọn jù. Èmi ni mo mọ ohun tí mo tò sórí ṣẹ́ẹ̀fù yẹn. Ìwé bọ́ọ̀lù, ìwé ẹranko tó ní àwòrán, àti ìwé kan tó ti gbó nípa bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, tó jẹ́ pé òun ni wọ́n yá jù lọ láàárín ọdún méjì, ó ju gbogbo nófẹ̀ẹ̀lì lọ. Àwọn tíṣà Gẹ̀ẹ́sì bíi tèmi, a máa ń rò pé tí ọmọ ò bá ti ka nófẹ̀ẹ̀lì, kò tíì kàwé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ tó ń ka bí kábúrétọ̀ ṣe ń da afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ epo, tó ń tọ́ka sí i fún ọ̀rẹ́ ẹ̀, ìwé ló ń kà yẹn.

Past question náà, mi ò kórìíra ẹ̀, ọmọ ní láti yege. Mo kàn kó o lọ sí ìpẹ̀kun yàrá ni, ẹni tó bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ á kọ́kọ́ gba iwájú gbogbo ìwé yòókù kọjá. Ìwé Yorùbá, mo gbé e kúrò ní kọ̀rọ̀, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà gan-an, mi ò bìkítà pé nọ́mbà ẹ̀ ò tẹ̀léra mọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tí mi ò rò tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ ò fẹ́ mú ìwé Yorùbá yẹn pẹ̀lú bó ṣe wà lẹ́nu ọ̀nà tó. Mo bi wọ́n, wọ́n ní ó le, àmì orí ẹ̀ pọ̀, pé Gẹ̀ẹ́sì rọrùn láti kà jù ú lọ. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, torí a ò kà á sí wọn létí rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn Yorùbá sókè fún wọn ní bíréèkì ọjọ́ Jímọ̀, ogún ìṣẹ́jú péré, tí mo bá ti dé ibi tí ọdẹ ti gbọ́ ohùn lẹ́yìn igi, mo máa pa ìwé dé. Wọ́n á ké "Ááà Anti!" Mo máa ní ìwé rèé lórí tábìlì, Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa tó kà á lọ. Kí n tó kúrò níbẹ̀ wọ́n á ti ja ìjà lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ yá a. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìdajì pẹ̀lú etí ẹ̀, àmì orí ẹ̀ ò le fún un mọ́, ó ti mọ bó ṣe máa dún.

Ísẹ́yìn la wà, ìlú òfì, tí ilé ìwé bá ti jáde ìdí òfì ni ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin wa ń gbà lọ. Ọ̀kan nínú wọn ní SS1, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, kò ní wọlé, ó ní òun ò ráyè ìwé, àwọn ní iṣẹ́ ẹtù tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́jọ́ ọjà. Mo ní kó dúró, mo lọ mú ìwé kan wá lórí orílẹ̀-èdè Ghana, mo ṣí ibi tí àwòrán àwọn tó ń hun aṣọ kente ní ìlú Bonwire wà. Ó gbé ìwé yẹn sún mọ́ ojú. Kò wo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, ọwọ́ ahunṣọ yẹn ló ń wò, ó wo ẹsẹ̀ ẹ̀, ó wo bí òwú ṣe nà lọ síwájú, ó wá pariwo pé "Anti, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ làwọn náà ń hun ín kí wọ́n tó rán an pọ̀, bíi tiwa gẹ́lẹ́!" Ìgbà yẹn ló tó wá ka ọ̀rọ̀ kékeré tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kejì ó mú ọ̀rẹ́ méjì dání. Àwọn mẹ́ta yìí ló wá bi mí pé kí ló dé tí kò sí ìwé kankan ní láíbìrì wa lórí òfì Ísẹ́yìn. Mi ò rí ìdáhùn. Mo ní ẹ lọ kọ ọ́.

Wọ́n kọ ọ́ o! Nóòtù olójú ewé 60, wọ́n lọ bá bàbá àgbà kan nídìí òfì, wọ́n gé aṣọ jáńjàn jáńjàn lẹ̀ mọ́ ọn, sányán aláwọ̀ búráwùn fẹ́ẹ́rẹ́, àlàárì pupa, ẹtù tí wọ́n fi aró ṣe, wọ́n ya gbogbo ohun èlò ìdí òfì, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Mo fún un ní nọ́mbà, 746.14, ibi tí Dewey fi aṣọ híhun sí, mo lẹ pépà ọjọ́ mọ́ iwájú ẹ̀ bíi ti gbogbo ìwé. Àwọn JSS1 tí wọ́n bá wọlé lọ́dọọdún, òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè, torí wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ ilé ìwé ló kọ ọ́.

Èyí tó ká mi lára jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ọmọ lè dé JSS2, ó lè dé SS1 pàápàá, kó máà lè ka ojú ìwé kan já. Wọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á máa pariwo, wọ́n á ní ìwé ń sú àwọn, àwa àgbà náà á wá ní aláìgbọràn ni, ọ̀lẹ ni, fóònù ló bà á jẹ́. Ọmọkùnrin kan wà ní JSS2 nígbà yẹn, ó ga, ohùn ẹ̀ ti ń dún kíkẹ̀, tó bá wọ láíbìrì ìdí ayò ló ń gbà lọ tààrà. Mo wá ń ṣàkíyèsí pé tí ibẹ̀ bá ti dá, ó máa ń rọra lọ síbi ìwé àwòrán àwọn ọmọ kékeré tí ẹnì kan fi ta wá lọ́rẹ, á fa ọ̀kan yọ, á wo ilẹ̀kùn, á sì dá a padà kíá. Ó fẹ́ kà á, ṣùgbọ́n kò lè gbé e wá sídìí tábìlì mi, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí táàmù á fi parí.

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn mọ́jú. Bílẹ̀ ṣe mọ́, mo kó gbogbo ìwé kéékèèké yẹn jọ sórí ṣẹ́ẹ̀fù kan, mo kọ páálí sí i lórí: ÌWÉ TÍ Ẹ LÈ KÀ FÚN ÀBÚRÒ YÍN NÍLÉ. Mo sọ ọ́ lórí àsẹ́ńbìlì, mo ní ẹni tó bá ní àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n nílé, kó wá yá ìwé fún un. Ọjọ́ kìíní, àwọn obìnrin mélòó kan wá. Ọjọ́ kẹta, òun náà dé, ó mú mẹ́ta lọ́wọ́, ó ní "Anti, àbúrò mi ló ní kí n bá òun mú u wá mà." Mo ní kò burú, bá mi kí i. Mo kọ orúkọ ẹ̀ sínú nóòtù, mi ò gbójú sókè wò ó. Ó dá mẹ́ta padà, ó mú mẹ́rin. Nígbà tí táàmù yẹn fi máa parí ó ti kúrò lórí ìwé àwòrán, ó ti dé orí èyí tí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ pọ̀. Bóyá ó ní àbúrò ni o, bóyá kò ní, mi ò bèèrè rí. Láàárín ọdún mẹ́ta mo ti ka ọmọ tó lé ní ogún tí wọ́n gba ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀fù yẹn kọjá, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn tí a ń pè ní olórí kunkun. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin òbí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kí ẹ tó ní ọmọ kan kórìíra ìwé, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ó lè kà á.

Oṣù kẹta ọdún 2020, kòrónà dé, wọ́n ní kí gbogbo ilé ìwé tì. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn yẹn, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà láíbìrì, mo ní kí kálukú mú iye tó bá lè gbé. Wọ́n rò pé eré ni. Ìgbà tí wọ́n rí i pé òótọ́ ni, ìlà gùn dé ìdí igi máńgòrò. Ìwé 312 ló jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú níbi tí mo ti ń kọ orúkọ, àwọn tí ilẹ̀ ti ń ṣú mọ́ lórí ìlà, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ fúnra wọn. Bí mo ṣe ń tilẹ̀kùn yẹn, ṣẹ́ẹ̀fù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, mo rántí ọjọ́ tí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́, pé kí n má jẹ́ kí ẹyọ kan kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a wọlé padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n ń kó o bọ̀ díẹ̀díẹ̀, nínú ike, nínú àpò gàrí, ìyá kan gbé mẹ́rin wá látọjà tòun ti igbá lórí, ó ní ọmọ òun ti lọ kọ́ṣẹ́ n'Íbàdàn ṣùgbọ́n ó ní kí òun má gbàgbé. 281 ló padà. Ọ̀pọ̀ ti gbó, òmíràn ti já níbi tí wọ́n ti rán an pọ̀, a fi sẹ́lótéèpù àti gọ́ọ̀mù tún wọn ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ má dúró kí ẹnikẹ́ni tó ní kí ẹ lọ sí láíbìrì ilé ìwé yín. Tí wọ́n bá ń tì í, ẹ kó ara yín jọ, ẹ lọ bá ọ̀gá àgbà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ máa gbá ibẹ̀ kí wọ́n lè máa ṣí i fún yín, kò wọ́pọ̀ kí àgbà kọ irú ẹ̀bẹ̀ yẹn. Tí ẹ bá mú ìwé tí ò dùn, ẹ dá a padà kí ẹ mú òmíràn, kì í ṣe àmàlà tí wọ́n ní kí ẹ jẹ tán. Ohun tí ẹ bá ń wò lórí fóònù, irun dídì, bọ́ọ̀lù, jẹnẹrétọ̀ títúnṣe, ẹ bi tíṣà láíbìrì bóyá ìwé wà lórí ẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ kọ ọ́ bíi ti àwọn ọmọ òfì wa.

Kọ́kọ́rọ́ yẹn ò sí lọ́wọ́ mi mọ́, ìṣó kan ló ń kọ́ sí ní sítááfù rúùmù, láíbìrì prífẹ́ẹ̀tì ló ń mú un láàárọ̀, aago méje ààbọ̀ ibẹ̀ ti ṣí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá PTA ra ìwé tuntun 12 fún wa, ó ṣì wà nínú páálí lábẹ́ tábìlì mi torí kàlẹ́ńdà tán nílẹ̀. Ẹni tó bá ní kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá nílé, èyí tó nípọn dáadáa, kó jọ̀ọ́ kó má jù ú nù, kó mú un lọ sí ilé ìwé tó bá sún mọ́ ọn.